Kò Sí Àṣìṣe Nínú Fífi Ọ̀rọ̀-Atọ́kùn Parí Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú èdè Gẹ̀ẹ́sì bíi "in", "on", "for" àti "with", tó máa ń so ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ ìyókù gbólóhùn. Òun àti àbọ̀ rẹ̀ ló ń para pọ̀ di àpólà-atọ́kùn: "on the chair", "with a knife". Títí débí, kò sí iyàn. Iyàn bẹ̀rẹ̀ níbi òfin tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń fa ìlà pupa sí ìwé ọmọ, pé ọ̀rọ̀-atọ́kùn kò gbọdọ̀ parí gbólóhùn láéláé. Òfin náà kò tọ̀nà, kò sì fìgbà kankan jẹ́ òfin èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà lẹ́nu àwọn tó ni èdè. Bí ẹnìkan bá ń wá nǹkan, "What are you looking for?" ni wọn yóò bi í, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń béèrè, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò kàwé. "For what are you looking?" kò lòdì sí gírámà, ṣùgbọ́n ó le lẹ́nu, wọn kì í sì í fi ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àbọ̀ "for" kò sọnù. "What" ni àbọ̀ náà. Ìbéèrè ló gbé e lọ sí iwájú, tó sì fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn sílẹ̀ ní àyè rẹ̀. Àpólà náà ṣì wà, ó kàn pín sí méjì ni.

Àwọn gbólóhùn mìíràn kò tilẹ̀ ṣeé tún tò. Nínú "the house that they live in", kò sí bí a ṣe lè gbé "in" ṣíwájú "that". Àfi ká kọ́kọ́ sọ "that" di "which". "What is it like?" kò ní ọ̀nà mìíràn. "The bed was slept in" ńkọ́? Ohun tó yẹ kó jẹ́ àbọ̀ "in" ti di olùwà gbólóhùn, nítorí náà ìparí nìkan ni "in" lè dúró sí. Bí òfin kan bá sọ irú gbólóhùn wọ̀nyí di àṣìṣe, nígbà tí gbogbo elédè gbà pé wọ́n dára, ara òfin ni àléébù wà.

Ibi tí òfin náà ti wá kò fara sin. Ní 1672, akéwì John Dryden bu ẹnu àtẹ́ lu Ben Jonson, tó ti kú láti 1637, pé ó fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn nínú eré Catiline. Kò ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn fi burú. Ó rí àṣà kan náà nínú ìwé tirẹ̀, nígbà tó sì tún Of Dramatick Poesie ti 1668 tẹ̀ ní 1684, ó tún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tò. Látìn ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Dryden fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1679 pé bí Gẹ̀ẹ́sì òun bá ń ṣe òun ní iyèméjì, òun a tú u sí Látìn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òótọ́ ni pé Látìn kì í ya ọ̀rọ̀-atọ́kùn nípa sí àbọ̀ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọmọ Látìn. Mọ̀lẹ́bí èdè Denmark àti ti Sweden ni, àwọn náà sì ń fi ọ̀rọ̀-atọ́kùn parí gbólóhùn. Kódà, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ ṣáájú 1066 ti ń ya ọ̀rọ̀-atọ́kùn kúrò lọ́dọ̀ àbọ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí 600 ọdún kí Dryden tó sọ̀rọ̀.

Robert Lowth ni àwọn kan ń di ẹ̀bi òfin náà rù, wọn kò sì ṣe dáadáa sí i. Nínú ìwé gírámà rẹ̀ ti 1762, kò fòfin de nǹkan kan. Ó ní àṣà náà wọ́pọ̀, ó bá ọ̀rọ̀ ẹnu mu, àmọ́ fífi ọ̀rọ̀-atọ́kùn síwájú dára jù fún ìwé tó bá nípọn. Awẹ́ gbólóhùn tó fi sọ ọ́ gan-an, "to" ló fi parí rẹ̀. Ní 1795, Lindley Murray, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé nítòsí York, mú ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé gírámà tirẹ̀, ó sì gbé "to" síwájú. Ìwé Murray yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní England àti Amẹ́ríkà lò. Nígbà tó di 1926, H. W. Fowler, tó ń kọ̀wé nípa ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ìgbàgbọ́ asán ni òfin náà.

Èyí kò ní kí a máa fi gbogbo ọ̀rọ̀-atọ́kùn sẹ́yìn. "During" kì í fẹ́ dá dúró. "The meeting during which he spoke" ló dùn létí. Bí gbólóhùn bá sì gùn jù, ẹni tó ń kà á lè ti gbàgbé àbọ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀-atọ́kùn.

Àṣìṣe tó yẹ kí ìlà pupa wà fún ní kíláàsì Nàìjíríà kò sí ní ìparí gbólóhùn. "Discuss about the matter", "request for leave" àti "emphasise on it" ń gba ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ń gba àbọ̀ tààrà. Ní òdìkejì, "reply me" pàdánù èyí tó nílò: "reply to me" ni. Bí ọmọ bá sì kọ "the letter I replied to", kí olùkọ́ fún un ní máàkì rẹ̀.