Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́, Owó Dọ́là, Aṣọ Ṣọ́jà

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìtòíkín láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ á rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri: "Ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà." Kò ní rìn jìnnà kó tó kan pátákó àwọn tó ń ta ilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote àti èbúté Lẹ́kkí ti sọ ilẹ̀ agbègbè yẹn di wúrà. Àmọ́ àwọn tó tà kí wúrà tó dé ló wà lọ́kàn mi, pàápàá àwọn tó tà á kí ọmọ lè lọ ka másítàsì l'Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ká ní bàbá kan ta ilẹ̀ ní 2013, tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ jẹ́ $20,000 lọ́dún. Dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bíi ₦160 nígbà yẹn, ìyẹn ₦3.2 mílíọ̀nù. Bàbá san án, ó sì ṣe sàráà. Kò pẹ́ tí owó epo rọ̀bì fi já wálẹ̀ lágbàáyé. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ so dọ́là mọ́ ₦197, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìye yẹn lọ́wọ́ ò rí dọ́là rà. Òbí á gbé Fọ́ọ̀mù A, lẹ́tà ilé-ìwé, ìwé owó àti ẹ̀dà páásìpọ́ọ̀tù ọmọ lọ sí báńkì, wọ́n á ní kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tó ń ta ọ̀bọ̀kún àti ẹja àrọ̀ lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, bó ti wù kó tà tó, náírà ni wọ́n ń kà sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó di June 2016, Báńkì Àpapọ̀ tú okùn náà. Ní August, dọ́là ti ń lọ sí ₦400 lọ́wọ́ àwọn àbókí. $20,000 yẹn kan náà ti di ₦8 mílíọ̀nù. Ilé-ìwé ò fi sẹ́ǹtì kan lé owó wọn o. Náírà ló yọ lẹ́sẹ̀ bàbá.

Ta ló wá di àlàfo yẹn? Fún àwọn ọmọ kan, iṣẹ́ ológun ni. Ní 2009, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní MAVNI. Nígbà yẹn, ètò náà máa ń gba àlejò tí kò ní gírín káàdì wọ iṣẹ́ ológun, tó bá ti fi ìwé tó pé gbé ibẹ̀ fún ọdún méjì, tó sì jẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Èdè tí olùkọ́ ń torí ẹ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ n'Ìkòròdú ni Amẹ́ríkà ń wá kiri nígbà náà. Ẹni tó bá tipa èdè wọlé á sin ọdún mẹ́rin, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ló di ọmọ onílùú bí wọ́n ṣe parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, láìdúró de gírín káàdì.

Torí náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tọwọ́ bọ ìwé ológun nígbà tí wọ́n ṣì wà níléèwé. Lóru, iṣẹ́ ìwádìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n dá padà wà lórí tábìlì. Ní ìdájí, eré máìlì méjì ń dúró, torí ìdánwò ara ò mọ̀ pé ẹnìkan ò sùn. Ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ń bọ̀, àṣẹ pé kí wọ́n kó lọ sí Jámánì tàbí Kòríà náà lè máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 2016, wọ́n fi àyẹ̀wò ààbò tuntun kún un, wọ́n sì dá ètò náà dúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ti tọwọ́ bọ̀wé wá ń dúró, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ibẹ̀ ni owó ti dun àwọn èèyàn jù lójú tèmi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí másítàsì, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti fẹ́ kú nìyẹn. Bí kò bá sì fẹ́ kó kú, ó lè ní láti tún forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì mìíràn, kó tún san dọ́là, nítorí ohun tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Àwọn kan gbé iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà lọ sílé ẹjọ́ ní 2017.

Mo ti gbọ́ àwọn àgbà tó ń sọ pé, "A rán an níwèé, ó lọ gbébọn." Mi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ló fi ọdún mẹ́rin ara rẹ̀ san ohun tí náírà jẹ bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú sí ìṣirò. Bàbá ta ohun tó ń gbówó lórí lọ́dọọdún, ó fi náírà tó rí sílé, ó wá ń fi san gbèsè dọ́là díẹ̀díẹ̀. Ká ní ó ti ra dọ́là owó ilé-ìwé ọdún méjì lọ́sẹ̀ tó ta ilẹ̀, kó fi í sínú àkáǹtì dọ́là, $40,000 yẹn ì bá ná an ní ₦6.4 mílíọ̀nù péré. Ó wù mí kí àwọn báńkì máa sọ èyí fún àwọn oníbàárà wọn ju bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ owó yíyá lọ.

Lónìí, bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,500, $20,000 ti di ₦30 mílíọ̀nù. MAVNI ò sí mọ́, ọ̀nà ológun tó ṣẹ́ kù ń béèrè gírín káàdì, físà akẹ́kọ̀ọ́ lásán ò sì lè wọ ibẹ̀. Bàbá tó bá ń bá oníbàárà nájà ilẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìtòíkín, kó tó gbowó, kó ní kí ọmọ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé bóyá wọ́n á gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà.