Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN ỌMỌ WA: Ọ̀nà Pólì Náà Dé Yunifásítì

Ẹ ti rí i ní ojú ewé kejì pé a bá àwọn ẹbí kan yọ̀ lóṣù yìí nítorí ọmọ tuntun, a sì bá ilé kan kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan wà tí akọ̀wé kò kọ síbẹ̀, nítorí bàbá ọmọ náà ni ó ní kí á má kọ ọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ND nínú ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọléèwé ń pè ní SLT, èyíinì ni iṣẹ́ yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ó sì fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ àyíká ní yunifásítì. Bàbá ní òun kò rí ohun tí a fẹ́ kéde níbẹ̀. Ó ní ọmọ kò wọ yunifásítì tààrà, pólì ni ó gbà kọjá. Iṣẹ́ tí ó sì ń lé, iṣẹ́ wolé-wolé ni.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ wa, nítorí náà ó yẹ kí á gbé e yẹ̀ wò.

Kí á ti orí wolé-wolé bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà tí ó dàgbà nílé ṣì rántí wọn dáadáa: ọkùnrin aláṣọ kákí tí í yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ a máa ba àwọn ìyá wa ju ti ọlọ́pàá lọ. Iṣẹ́ tí ó wúlò ni wọ́n ṣe, iṣẹ́ náà kò sì tíì kú. Láti 2002 ni òfin ti wà tí ó dá ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè rí ni wolé-wolé ìgbà náà ń wá. Ohun tí ojú kò lè rí ni ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ àyíká ń wá: ohun tí ó yòrò sínú omi, ohun tí ó rì sínú ilẹ̀, ohun tí a ń fà símú.

Ẹ wo Kárù tiwa yìí. Ilẹ̀ kéré, ènìyàn pọ̀. Kànga ẹlẹ́rọ ẹnì kan rèé, ṣáláńgá ẹnì kejì rèé, ògiri kan ṣoṣo ni ó là wọ́n. Omi náà mọ́ gaara nínú ife, kò sì rùn. Ta ni yóò sọ fún wa bóyá ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri ti dà pọ̀ mọ́ ọn? Ní 2021 àrùn onígbáméjì jà ní agbègbè olú-ìlú yìí, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 50 lọ.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ Kókó, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Delta lónìí. Ní 1988 ni a rí i pé wọ́n ti fi ọkọ̀ òkun kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró wá síbẹ̀ láti Ítálì, wọ́n kó wọn jọ sí àgbàlá ọkùnrin kan, wọ́n sì ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún un lóṣooṣù. Àwọn ará ìlú ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀, wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń kàwé ní Ítálì ni ó tú àṣírí náà fún àwọn oníwèé ìròyìn nílé. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti ṣe òfin tí ó dá àjọ FEPA sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àyíká. Ní 1999 ó di iṣẹ́ mínísítà. Ní 2007 a dá NESREA sílẹ̀ láti máa mú arúfin. Òfin 1992 sì ti wà ṣáájú, tí ó ní kí á kọ́kọ́ yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá kan yóò ṣe sí ilẹ̀ àti omi wò kí á tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ń fẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. N kò sọ pé iṣẹ́ ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà o, gbogbo wa ni a mọ bí Nàìjíríà ti rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ìgbálẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pólì. Ilé-ẹ̀kọ́ Yábàá bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ọdún kan gééré ṣáájú kí yunifásítì àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn. N kò mọ ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi pólì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ọmọ tí ó ní ND, tàbí NCE, tàbí tí ó yege nínú ìdánwò IJMB, lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kí ó sì wọ yunifásítì ní ọdún kejì ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní 200 level. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. ND ọdún 2, yunifásítì ọdún 3 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin: ó di 5, bí ìyanṣẹ́lódì bá gbà. Ọmọ tí ó jókòó sílé fún ọdún 2 tí ó ń ṣe JAMB lóòrèkóòrè kí ó tó wọlé, ọdún 6 ni tirẹ̀, kò sì ní ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ bí owó bá tán lójú ọ̀nà.

Ó dùn mí pé ọdún méjì pólì ni yunifásítì ń kà sí ẹyọ kan. Àwọn ẹbí wa ní Houston àti Maryland mọ irú ọ̀nà yìí. Láti 1901, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó wà ní Joliet, ni Amẹ́ríkà ti ní ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì báyìí, tí ọmọ yóò ti ibẹ̀ lọ parí ní yunifásítì. Bí ó bá yan ẹ̀kọ́ tí ó bá ara mu, ọdún méjì rẹ̀ lè jẹ́ méjì gẹ́gẹ́. Wọ́n kà á sí ọgbọ́n owó, wọn kò kà á sí ẹ̀tẹ́.

Níbi ọ̀rọ̀ kí ẹ̀kọ́ bá ara mu yìí gan-an ni àwa òbí ti ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ sọ pé sáyẹ́ǹsì ni òun fẹ́, a ní kí ó ṣáà wọlé ná, ẹ̀kọ́ yòówù tí pólì bá fún un. Ó gba ND ìṣirò owó. Lẹ́yìn ọdún méjì ó dé ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ àyíká, wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn yìí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. JAMB ti kọ ohun tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ní yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Kí á ka ibẹ̀ kí ọmọ tó wọ pólì, kì í ṣe ìgbà tí ó bá jáde. Ọmọ tí mo ń sọ yìí rìn ín re: kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ti wà nínú SLT tí ó kà. Síbẹ̀, kirẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Èsì ND náà ṣe pàtàkì: láti 3.00 nínú 4.00 ni wọ́n ń pè ní upper credit, ọ̀pọ̀ yunifásítì kò sì wo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èkejì ni transcript, àkọsílẹ̀ gbogbo èsì ọmọ, tí pólì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yunifásítì. Mo mọ ọmọ kan tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi tirẹ̀ falẹ̀ títí ìgbà ìgbaniwọlé fi kọjá, ọdún kan sì lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí èsì bá jáde ni kí ọmọ lọ sanwó rẹ̀, kí ó sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má sì jẹ́ kí onífọ́ọ̀mù ojú pópó tàn yín. Láti 2023, nítorí ayédèrú èsì tí wọ́n ń mú wá, ọ́fíìsì JAMB fúnra rẹ̀ ni JAMB ní kí wọ́n ti máa ṣe ìforúkọsílẹ̀ Direct Entry.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sún mọ́ ilé, FUNAAB ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka ìmọ̀ àyíká àti májèlé. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tí kò lè fi í sílẹ̀, kí ó béèrè ní NOUN ní Jábì, tí kì í béèrè ìdánwò JAMB. Ní ti owó, láti 2024 ni NELFUND ti ń yá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó tí kò ní èlé.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní ọdún kejì ND, kí ó mú èsì WAEC àti èsì pólì rẹ̀ dání wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Àwọn olùkọ́ inú ẹgbẹ́ wa yóò dúró lẹ́yìn ìpàdé láti bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni fọ́ọ̀mù máa ń jáde, kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó tì í.