Kúlà Oúnjẹ Kì í Ṣe Bọ́ǹbù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀rẹ́ mi kan, akọ̀ròyìn bí èmi, kọ nǹkan nípa ẹni ńlá kan. Wọ́n wá gbé e. Wọ́n fi í sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, èmi àti ìyàwó rẹ̀ gbé kúlà àmàlà àti ẹ̀fọ́ rírò débẹ̀.

Obìnrin kan wà níwájú wa. Ọkọ tirẹ̀, wọ́n ní ó fi jìbìtì kó owó olówó jẹ ni. Wọ́dà ní kó tọ́ ìrẹsì tó gbé wá wò. Ó tọ́ ọ wò, ó wọlé. Ó wá kàn wá. Wọ́dà yẹ ìwé wò, ó mi orí.

“Ìyá, ẹ má bínú. Ti ọkọ yín yàtọ̀. Àṣẹ láti òkè ni.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?”

“Wọn ò kọ ọ́. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni.”

Bí a ṣe gbé kúlà wa padà sílé nìyẹn o.

Òfin tí a kò kọ sílẹ̀, ṣé òfin nìyẹn? Ìfẹ́ inú ọ̀gá ni! Àwọn kan yóò ní ẹlẹ́wọ̀n olóṣèlú kì í ṣe ẹgbẹ́ olè: wọ́n lè fi lẹ́tà há inú mọ́ínmọ́ín, wọ́n lè bu májèlé sí ọbẹ̀. Ó dáa. Ẹ tú mọ́ínmọ́ín náà wò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé ọbẹ̀ wá kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́dà jókòó tì wá bí a bá ń sọ̀rọ̀. Bí èyí bá tó fún gbájúẹ̀, kí ló dé tí kò tó fún akọ̀ròyìn? Májèlé kọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọn kò fẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n náà mọ̀ pé ayé ṣì rántí òun ni.

Ẹ rántí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá. Oṣù kẹfà 1994 ni wọ́n mú un, àtìmọ́lé ló sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Nígbà tí Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní 1998, Abíọ́lá kò mọ ẹni tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti oṣù kìn-ín-ní 1997 ni Annan ti wà lórí oyè! Ọkùnrin tó ni ìwé ìròyìn Concord ni wọ́n fi ìròyìn dù tó bẹ́ẹ̀.

Àní ìjọba aláwọ̀ funfun Gúúsù Áfíríkà, nígbà tí wọ́n gbé Mandela dé Erékùṣù Robben ní 1964, àlejò kan àti lẹ́tà kan ni wọ́n fún un ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìkà gbáà ni, ṣùgbọ́n ìkà náà ní iye. Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi orúkọ Mandela pe ìlànà ẹlẹ́wọ̀n: ẹ má fi àìrí ẹbí ṣe ìyà fún ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi lè gba oúnjẹ, ìwé àti ìwé ìròyìn láti ìta, bí kò bá ti da ọgbà rú. Ní 2019, a yí orúkọ ẹ̀wọ̀n wa padà sí ilé àtúnṣe. Kí la tún ṣe lẹ́nu ọ̀nà?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Ẹ kọ òfin náà sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan náà fún gbogbo ẹlẹ́wọ̀n. Bí ẹ bá dá ẹnikẹ́ni padà, ẹ fún un ní ìwé tí ó ní ìdí, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó pàṣẹ. Ẹ óò rí i bí “òkè” yóò ṣe di àwátì!

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè, ẹ fetí sílẹ̀. Ọbásanjọ́ ṣe olórí ìjọba láti 1976 sí 1979. Ní 1995, ìjọba ológun mìíràn ti òun náà mọ́lé, kò sì jáde títí di 1998. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ tún ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe nísinsìnyí, nítorí ìyàwó tiyín náà lè gbé kúlà débẹ̀ lọ́la.