Ògúńdé àti Eré Ìtàgé Lẹ́yìn Ogun Hítílà
Ọdún 1945 tí Ogun Hítílà parí náà ni Hubert Ògúńdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí, dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni eré rẹ̀ ti ṣẹ̀: ìtàn Bíbélì tí wọ́n ń fi orin ṣe ló kọ́kọ́ gbé jáde ní 1944. Kò pẹ́ tó fi yíjú sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ó fi ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945 ṣe eré; nígbà tí ọlọ́pàá sì yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Enugu ní 1949, ó gbé Bread and Bullet jáde. Ìgboyà ńlá nìyẹn lójú ìjọba amúnisìn, ó sì yẹ kí àwọn òpìtàn kà á mọ́ ìjà òmìnira. Lẹ́yìn náà, òṣèré Dúró Ládiípọ̀ ti Òṣogbo ló wá fi dùndún àti oríkì ṣe òpó eré, nínú Ọba Kò So tó gbé dé Berlin ní 1964.