Ta Ni Ó Ni Ìwé Ẹgbẹ́ Wa?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ ń kàwé ní Ìlú Bìní, gbogbo wa ni a mọ̀ bí ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń rí. Bí a bá ṣí i, fọ́tò Bàbá Ìsàlẹ̀ nínú agbádá ni yóò kọ́kọ́ pàdé wa. Ti Ìyá Ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìkíni kú oríire, ojú ewé lórí ojú ewé. Kí a tó kan ewì tàbí ìtàn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ, a ti dé ẹ̀yìn ìwé. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni ó ni ìwé náà, ẹni tí ó sanwó rẹ̀ ni àbí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ọ́?

A kò bá àwọn àgbà wa jà o. Bébà kì í ṣe ọ̀fẹ́, atẹ̀wé kò sì ní gba "ẹ ṣeun" dípò owó. Ẹni tí ó bá ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Bí fọ́tò bá kún inú ìwé tí a kò rí òǹkọ̀wé kan ṣoṣo mú jáde nínú rẹ̀, álúbọ́ọ̀mù ni a tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ṣe é ṣáájú wa. Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwé ewì kékeré kan tí wọ́n pè ní The Horn. Olùkọ́ wọn, Martin Banham, ni ó dá a lábàá. Ó ti rí irú rẹ̀ ní Yunifásítì Leeds. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni olóòtú. J. P. Clark ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Abíọ́lá Irele sì wà lára àwọn tí ó ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ọ̀rà, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí kan náà, ni Irele, ṣùgbọ́n Yorùbá yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nítorí ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó. Wọlé Ṣóyínká pàápàá kọ̀wé sínú The Horn. Ìwé náà kò pé ọdún mẹ́wàá láyé, kò sì nípọn. Síbẹ̀, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì lórúkọ, orúkọ wọn sì ti kárí ayé lónìí.

Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ti Yorùbá kò lè rí bẹ́ẹ̀, kí ó rántí Sẹ̀gilọlá. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ àwọn lẹ́tà náà. Ní 1930 ó kó wọn jọ di ìwé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Inú ìwé ìròyìn ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

Àwọn kan ń sọ pé Bìní ni a wà, pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni kò lè ka Yorùbá dáadáa, nítorí náà kí a kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ gbogbo rẹ̀. A gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ìlú Bìní gan-an ti dá wọn lóhùn. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Jacob Egharevba fẹ́ kọ ìtàn ìlú yìí, èdè Ẹdó ni ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́ kí ó tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Bí onílé bá ń fi èdè rẹ̀ kọ̀wé, kí ni yóò mú kí àlejò ju tirẹ̀ nù? Ẹni tí kò sì rí Yorùbá kà, níbo ni yóò ti mọ ìyàtọ̀ láàrin igba, igbá àti ìgbà?

Àbá wa nìyí. Kí ìwé ẹgbẹ́ máa jáde lẹ́ẹ̀kan ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, bí kò tilẹ̀ ju ojú ewé mẹ́jọ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tòkọ́pì. Kí àwọn bàbá àti ìyá ẹgbẹ́ gba ojú ewé kan. Kí ìdajì ìwé jẹ́ ti àwọn tí kò tíì tẹ nǹkan kan jáde rí. Bí iṣẹ́ ẹnìkan bá ní àléébù, kí olóòtú pè é jókòó, kí wọ́n jọ tún un ṣe, kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ará ilé.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ gbé àlọ́, ìtàn, ewì àti àríyànjiyàn yín wá, títí kan èyí tí ẹ kọ sẹ́yìn ìwé kíláàsì. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, fọ́tò ni yóò tún kún un.