Gíríìkì Lẹ́nu Oníwàásù

Ó ti di àṣà láàárín ọ̀pọ̀ oníwàásù ní agbègbè wa, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wúwo, wọn a ní, "Ẹ gbọ́ ohun tí Gíríìkì sọ níbí yìí." Ní kété tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ gbogbo ìjọ lẹ́nu. Ta ni yóò dìde láti sọ pé òun gbọ́ Gíríìkì jù wọ́n lọ?

Èmi kò lòdì sí ẹ̀kọ́ Gíríìkì. Èdè náà ni a fi kọ Májẹ̀mú Titun, ẹni tí ó bá sì lè kà á ti dé orísun odò. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ń dárúkọ Gíríìkì ni kò kọ́ ọ. Ìwé atọ́ka tí James Strong, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1890 ni wọ́n ń ṣí, tàbí kí wọ́n wò ó lórí fóònù. Ìwé gidi ni, ṣùgbọ́n orí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ni a gbé e kà. Bẹ́ẹ̀ ni oníwàásù wa ṣe ń gba ojúde Gẹ̀ẹ́sì kọjá lọ sí Gíríìkì, tí kò sì yà ní ilé Yorùbá rárá.

Ẹ wo èyí tí ó gbajúmọ̀ jù. Wọn a ní dunamis, tí Bíbélì wa pè ní agbára, ni dáínámáìtì tí a fi ń fọ́ àpáta. Dáínámáìtì kẹ̀! Alfred Nobel ni ó sọ ohun náà lórúkọ ní ọdún 1867. Òun ni ó yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ Gíríìkì. Pọ́ọ̀lù kò gbúròó rẹ̀ rí. Wọn a tún ní agape jẹ́ ìfẹ́ ti Ọlọ́run nìkan, ìfẹ́ tí kò lábàwọ́n. Ṣùgbọ́n nínú Tímótì Kejì, orí 4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń ráhùn pé Démà fẹ́ ayé yìí tí ó sì kọ òun sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó lò. Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí àwọn Júù túmọ̀ sí Gíríìkì, òun kan náà ni a lò fún ohun tí Ámúnónì rò pé òun ní sí Támárì kí ó tó bà á jẹ́. Bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gíríìkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òkè-Ògùn ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní ọdún 1821. Wọ́n dá a nídè, wọ́n mú un dé Sierra Leone ní ọdún 1822, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, ó kọ́ Látìnì àti Gíríìkì, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà ní London ní ọdún 1843. Ní ọdún 1850, Ìwé Róòmù ti jáde ní Yorùbá. Ní ọdún 1884, odindi Bíbélì pé. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é, Thomas King àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ àdúgbò wa ni ó ṣíwájú iṣẹ́ náà, Gíríìkì tí ó kọ́ sì rán an padà sínú Yorùbá ni.

Ẹ yẹ ìrònúpìwàdà wò. Gíríìkì pè é ní metanoia: kí èrò inú ènìyàn yí padà. Repentance tí Gẹ̀ẹ́sì mú láti inú Látìnì, ìkábàámọ̀ ni ó tẹ̀ mọ́. Yorùbá ní kí o ro inú rẹ, kí o sì pa ìwà rẹ dà. Èwo nínú méjèèjì ni ó súnmọ́ Gíríìkì jù? Ìjọ náà ńkọ́? Ekklesia jẹ́ àpéjọ àwọn ènìyàn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 19, èrò tí ń pariwo ní Éfésù pàápàá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníwàásù a máa làágùn láti ṣàlàyé pé "church" kì í ṣe ilé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó pe ilé ní ìjọ rí. Ìdáhùn ti wà nínú Bíbélì tí ó fi sílẹ̀ sílé. (Wàásù tí wọ́n fi ń pe òun alára, láti inú Lárúbáwá ni ó ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni a sì ti gbà á.)

N kò sọ pé àwọn atúmọ̀ náà kò ṣàṣìṣe. Níbi tí Gíríìkì ìbá ti wúlò jù lọ gan-an ni àwọn oníwàásù wa kì í dé. Diabolos ni Bíbélì wa túmọ̀ sí Èṣù. Ìtumọ̀ diabolos ni abanijẹ́, ẹni tí ń fẹ̀sùn èké kan ọmọnìkejì. Nínú Tímótì Kìíní, orí 3, ẹsẹ 11, Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ yìí gan-an nígbà tí ó ń kìlọ̀ pé kí àwọn obìnrin má ṣe jẹ́ asọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó kọ Èṣù síbẹ̀. Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀, òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, òun ni ó ń ṣọ́ oríta. Ó le, kò sì ṣeé fi ṣeré, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ìdílé mélòó ni ó ti yí orúkọ bàbá wọn padà nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí? Wọ́n sì ní Sátánì tí wọn ìbá lò. Ó wà nínú Bíbélì kan náà.

Ní kíláàsì mi, ọmọkùnrin kan bi mí bóyá ẹni burúkú ni bàbá tí ó bí bàbá òun àgbà, nítorí pé Èṣùbíyìí ni ó ń jẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa orúkọ ni a ń kọ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì. Mo kọ diabolos sójú pátákó, mo kọ abanijẹ́ sábẹ́ rẹ̀, mo wá kọ Èṣù sí apá kejì, lọ́tọ̀. Ó dà wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ bí mo ti kọ wọ́n gẹ́lẹ́, ó ní òun yóò mú un lọ han bàbá òun nílé.