Ẹ MÁ FỌ́ TẸLIFÍṢỌ̀N LỌ́JÀ WA

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà o! Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó tóbi lẹ́yìn yẹn, òjé wà nínú dígí rẹ̀. Òjé yìí kan náà ló pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Àwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, kọ́pà inú wáyà ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fọ́ dígí sílẹ̀, wọ́n á dáná sun wáyà, èéfín á máa bà lé ẹ̀fọ́ tí à ń tà. Torí eélòó? Lójú tèmi, ẹ gbé e lódindi fún àwọn tó ń tún un ṣe, wọ́n á yọ èyí tó wúlò. Èyí tó bá kú pátápátá, kí ẹgbẹ́ kó wọn jọ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tú. Màmá wa Ìyálọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀.